Ìtọ́jú Ohun Èlò Ìmòòkùn Pẹ̀lú Ohun Tó Wà Nínú Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Owó tí ènìyàn ń ná sórí ohun èlò ìmòòkùn kì í tán lọ́jọ́ tó rà á. Àwọn ìgò kéékèèké ló máa ń tẹ̀ lé e: ọ̀kan fún dígí másìkì tí a fi ń ríran lábẹ́ omi, òmíràn fún aṣọ rọ́bà, òmíràn fún síìpù, òmíràn fún jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ kí ó lè gbé wa léfòó. Fún ẹni tó ń gbé Èkó, owó tí wọn yóò fi kó wọn wá láti òkè òkun lè ju owó ọjà fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tó wà ní balùwẹ̀ àti ilé ìdáná lè rọ́pò púpọ̀ nínú àwọn ìgò wọ̀nyí láìsí ewu. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹ̀mí ènìyàn so mọ́, tí a kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun rọ́pò. Ìlànà tí mo fi dáhùn gbogbo ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí nìyí: ohun tó jẹ́ ti ìta ni a lè fi ohun ilé tọ́jú, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ń gbà dé ẹ̀dọ̀fóró wa kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣọ́ owó ná.

Kí ni iyọ̀ òkun ń ṣe gan-an, tí wọ́n fi máa ń ní kí a tètè fọ ohun èlò?

Iyọ̀ tó wà nínú lítà omi òkun kan tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Bí omi náà bá gbẹ lára ohun èlò, iyọ̀ kò bá a lọ. Ó dúró, ó sì di hóró kéékèèké tí ẹnu wọn mú. Àwọn hóró wọ̀nyí ló ń ha òrùka rọ́bà tí a ń pè ní O-ring, àwọn ló ń há bọ́tìnì jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́, àwọn náà ló sì ń mú kí síìpù le bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Lára idẹ tí wọ́n fi króòmù bò, ibi tí króòmù bá ti ha ni iyọ̀ ń gbà wọlé, yóò sì máa jẹ idẹ náà títí tí àwọ̀ ewé yóò fi yọ síta. Nítorí náà, omi tí kò níyọ̀ ni oògùn àkọ́kọ́, kí ohun èlò tó gbẹ. Bí ilé bá jìn sí etíkun, ẹ kó ohun èlò sínú korobá tó ní ìdérí kí ó lè wà ní tútù títí ẹ ó fi délé. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, nítorí omi tí a kàn dà lé e lórí kì í dé ibi tí iyọ̀ sá pamọ́ sí nínú ojú rírán.

Omi borehole àdúgbò wa máa ń pupa, nígbà mìíràn ó sì máa ń níyọ̀. Ṣé mo lè fi fọ̀ ọ́?

Ẹ lè fi ṣe fífọ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe òun ni yóò kẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó tó sún mọ́ òkun àti ọ̀sà, iyọ̀ ti wọ inú omi ilẹ̀. Ọṣẹ tí kò hó dáadáa nínú omi jẹ́ àmì kan tó yẹ kí ó mú ẹ fura sí i. Àwọ̀ pupa ni ti irin inú omi: bí ẹ bá bu omi náà sínú korobá tí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn mọ́jú, èyí tó pọ̀ nínú irin náà yóò rọ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì rọra da èyí tó wà lókè lò. Omi òjò ni ó dára jù lọ fún ṣíṣàn ìkẹyìn, bí ẹ bá jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé kí ẹ tó gbé korobá síta. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, píọ̀ wọ́tà bíi mélòó kan tó láti ṣan másìkì àti régúlétọ̀, ìyẹn ohun tí a ń gbà mí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà, kí ẹ sì fi omi ẹ̀rọ ṣe ìyókù.

Másìkì mi tuntun ń ṣe kùrukùru ní gbàrà tí mo bá wọ omi. Ṣé òótọ́ ni pé ọṣẹ ìfọyín ń yanjú rẹ̀?

Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ dígí gidi ni ó wà lójú rẹ̀. Láti ilé iṣẹ́ ni ọ̀rá tín-ín-rín kan tó ti ara sílíkónì wá ti máa ń bo inú dígí tuntun. Orí ọ̀rá yìí ni èémí wa ti ń di ìrì wẹ́wẹ́, kò sì sí oògùn inú ìgò kankan tí yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ bó o kúrò. Ẹ fi ìka fi ọṣẹ ìfọyín funfun ra inú dígí náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣàn án dànù, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó ń dán bíi jẹ́lì, irú Close-Up pupa, kò dára tó èyí funfun fún iṣẹ́ yìí. Láti mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ da omi díẹ̀ sínú dígí náà: bí omi bá tẹ́ rẹrẹ, ọ̀rá ti lọ, bí ó bá ń di hóró hóró, iṣẹ́ kù.

Ẹ má ṣe èyí lára másìkì tó jẹ́ ike ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ ti fi oògùn kùrukùru kun, nítorí yóò ha. Ọ̀rọ̀ náà «tempered» tí wọ́n máa ń kọ sára dígí ni ẹ ó fi mọ̀ pé dígí gidi ni. Àwọn kan máa ń fi iná ìṣáná jó ọ̀rá náà kúrò. Lóòótọ́ ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá kan péré tó láti ba sílíkónì tó yí dígí ká jẹ́, n kò sì rí ìdí tí ènìyàn yóò fi gbé ewu yẹn nígbà tí ọṣẹ ìfọyín wà nílé.

Kí ni mo lè fi sí i kí n tó wọ omi?

Ṣampú ọmọdé. Ẹ po ìwọ̀n kan rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n omi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìgò kékeré tó ń fọ́n omi, kí ẹ fọ́n díẹ̀ sínú dígí tó gbẹ, kí ẹ fi ìka ra á kárí, kí ẹ sì ṣàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tí ọṣẹ ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí ìrì di hóró. Ó ń jẹ́ kí ó tẹ́ sílẹ̀ bí omi lásán, ojú yóò sì máa ríran gba inú rẹ̀. Ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ náà lè ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó máa ń ta ojú, ẹni tí ojú ń ta lábẹ́ omi kò sì lè fọkàn sí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó kù nínú sìlíńdà rẹ̀. Itọ́ ẹnu tí àwọn àgbà òmòòkùn ń lò kò burú bí ẹni tó ni másìkì bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí a má lò ó fún másìkì àyálò.

Aṣọ rọ́bà mi ń rùn. Ṣé dandan ni kí n ra ọṣẹ pàtàkì tí wọ́n ń tà fún un?

Kì í ṣe dandan. Òógùn àti ìtọ̀ tó dúró sínú rọ́bà ni kòkòrò àìfojúrí ń jẹ, àwọn ni wọ́n sì ń fa òórùn náà. Bí ẹ bá ń yí aṣọ náà síta tí ẹ sì ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ṣampú ọmọdé díẹ̀ fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an tí ẹ lò ó, òórùn náà kò ní ráyè gbilẹ̀. Èyí tó ti gbilẹ̀, ẹ da ife fínígà funfun kan sínú korobá omi kan, kí ẹ rì í síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì ṣàn án títí tí òórùn fínígà náà yóò fi lọ. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston tún ní ọ̀nà kan sí i: oògùn tí wọ́n ń tà fún ìtọ̀ ajá àti ológbò lórí kápẹ́ẹ̀tì, èyí tó ní ẹ́ńsáìmù nínú. Ọ̀nà kan náà ni ó fi ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìgò tí wọ́n ń tà fún àwọn òmòòkùn, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí tiwọn.

Hypo, Omo àti ọṣẹ dúdú ńkọ́?

Hypo àti gbogbo ohun tó ń sọ aṣọ di funfun, rárá. Wọ́n ń jẹ rọ́bà àti òwú tí wọ́n fi rán an. Ẹ má sì jẹ́ kí Hypo tàbí Jik pàdé fínígà nínú korobá kan láéláé, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde láti inú àpòpọ̀ náà. Ọṣẹ ìfọṣọ bí Omo le jù fún rọ́bà, kì í sì í tètè ṣàn kúrò. Ọṣẹ dúdú tí mo fẹ́ràn fún ara, n kò gbà á fún ohun èlò yìí: eérú ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ sì máa ń dúró sára rọ́bà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ní agbára eérú kì í bá álúmíníọ̀mù ṣe. Ẹ̀rọ ìfọṣọ àti omi gbígbóná náà kò yẹ ẹ́.

Aṣọ rọ́bà mi ya díẹ̀ ní orúnkún. Kí ni mo lè fi lẹ̀ ẹ́?

Ẹ lọ bá oníbàtà. Gọ́ọ̀mù pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó fi ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, èyí tí a ń fi kun ojú méjèèjì tí a sì ń jẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí a tó tẹ̀ wọ́n pọ̀, sábà máa ń jẹ́ ọmọ ìyá gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà fún aṣọ ìmòòkùn: irú rọ́bà kan náà tí wọ́n fi ṣe aṣọ yẹn ni wọ́n yọ́ sínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò ní ibi tó fara sin. Ojú tí ẹ fẹ́ lẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó sì gbẹ pátápátá. Ìpele méjì tó fẹ́lẹ́ dára ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gírígírí, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ọ̀yà náà bá gùn, kí ẹ ní kí ó tún fi abẹ́rẹ́ rán an lójú aṣọ, kì í ṣe la rọ́bà já.

Síìpù ti le. Ṣé mo lè fi òróró sí i?

Òróró yóò kó iyanrìn jọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti omi ọṣẹ fọ eyín rẹ̀, kí ó gbẹ, kí ẹ wá fi àbẹ́là funfun lásán tàbí ìda oyin ra á. Èyí tó fún síìpù irin àti síìpù aṣọ rọ́bà gbogbo. Síìpù oníke tó wà lára aṣọ tí omi kì í wọ̀ yàtọ̀: gíríìsì tí ilé iṣẹ́ sọ ni kí ẹ lò fún un.

Apá wo nínú régúlétọ̀ ni mo lè tọ́jú fúnra mi?

Ìta rẹ̀, àti ibi tí ẹnu ń gbé. Kí ẹ tó fi omi kàn án, ẹ nu ìdérí kékeré tó ń bo ẹnu ibi tí ó ti ń wọ sìlíńdà gbẹ, kí ẹ dé e, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ó bá wà nínú omi tí kò sì sí lára sìlíńdà, ẹ má tẹ bọ́tìnì iwájú rẹ̀, nítorí bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, fáàfù yóò ṣí, omi yóò sì gba inú hóòsì lọ sí apá tó wà lọ́dọ̀ sìlíńdà, níbi tí kò yẹ kí omi dé rí. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ fọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì wà lára sìlíńdà tí afẹ́fẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá rí funfun iyọ̀ tàbí àwọ̀ ewé lára irin níta, ẹ po fínígà funfun mọ́ omi ní dọ́gbadọ́gba, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rọ̀ọ́rọ̀ pa á, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà lè ṣe é. Ẹ má fi sílẹ̀ sínú fínígà di òru, nítorí bí ó bá pẹ́ jù, króòmù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ẹ má sì fi fínígà pa sìlíńdà álúmíníọ̀mù. Rọ́bà tí a ń fi eyín mú, ẹ fi ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ inú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ebu ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá eyín ti gé e.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Títú inú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ, tó ní irinṣẹ́ rẹ̀, tó sì lè wọn agbára afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tó bá tún un tò. Bákan náà ni sìlíńdà: kì í ṣe ohun tí a ń ṣí nílé. Ní Bìrìtìkó, lẹ́yìn ọdún méjì ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ inú rẹ̀ wò, lẹ́yìn ọdún márùn-ún kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń fi agbára omi dán an wò. Ohun tó kàn yín nílé ni kí ẹ fi omi ṣan ìta rẹ̀, kí ẹ sì máa bọ́ bàtà rọ́bà ìdí rẹ̀, nítorí abẹ́ bàtà yẹn ni omi iyọ̀ ti ń jẹ irin láìsí ẹni tó rí i.

Ẹnì kan sọ fún mi pé Vaseline tàbí òrí tó fún O-ring. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bẹ́ẹ̀ kọ́, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe é lára ohunkóhun tó ń gbé afẹ́fẹ́. Ìdí àkọ́kọ́ ni iná. Bí ènìyàn bá ṣí sìlíńdà lójijì, afẹ́fẹ́ tó ń rọ́ wọ inú régúlétọ̀ ń fún ara rẹ̀ pọ̀, ó sì ń gbóná gan-an. Bí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, tí ọ́síjìn sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà, iná lè ṣẹ́ nínú régúlétọ̀ tó wà lẹ́nu ènìyàn. Àwọn tó ń lo àpòpọ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní gíríìsì tiwọn lọ́tọ̀. Sílíkónì pàápàá kò tó fún wọn. Ìdí kejì ni ẹ̀dọ̀fóró: ohun tí a bá fi kun ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni a ó mí sínú. Ìkẹta ni rọ́bà fúnra rẹ̀. Vaseline ti inú epo rọ̀bì wá, ó ń mú kí oríṣìíríṣìí rọ́bà wú, àti àwọn tí wọ́n fi rọ́bà igi ṣe. Òrí, àdí àti òróró sì máa ń kan, wọn a di ohun tó ń lẹ̀, wọn a sì kó iyanrìn jọ.

Ohun olówó pọ́ọ́kú wà tó yẹ. Gíríìsì sílíkónì tí àwọn púlọ́ńbà ń fi sí O-ring ẹnu ẹ̀rọ omi dára fún tọ́ọ̀ṣì àti àwọn ohun mìíràn tí a kì í mí gba inú wọn, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé sílíkónì pátápátá ni, tí kò sì ní epo rọ̀bì. Ẹ fi ìka fi bíńtín ra òrùka náà kí ó kàn dán. Èyí tó bá pọ̀ jù yóò kó irun àti iyanrìn mọ́ra, ibẹ̀ ni omi yóò sì gbà wọlé. Àwọn àpótí kan wà tí a ń gbé kámẹ́rà sí kí omi má baà wọ̀ ọ́, tí O-ring tiwọn fúnra rẹ̀ jẹ́ sílíkónì. Gíríìsì sílíkónì yóò mú kí ìyẹn wú, nítorí náà gíríìsì tó bá a wá ni kí ẹ lò.

Báwo ni mo ṣe lè fọ inú jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́?

Ẹ gba ẹnu hóòsì rẹ̀ da omi tó mọ́ sínú rẹ̀ títí dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ìyókù, ẹ gbọ̀n ọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ dojú rẹ̀ dé kí omi jáde. Ẹ tún un ṣe títí omi tó ń jáde kò fi níyọ̀ mọ́. Bí ó bá ń rùn, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú ìgò oúnjẹ ọmọ ọwọ́, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, lè rọ́pò ìgò olówó ńlá náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, kí inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ra.

Odò ni mo ti mòòkùn, kì í ṣe òkun. Ṣé mo tún ní láti fọ ohun èlò?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ odò jẹ́ iyanrìn tó kúná gan-an, ó sì máa ń wọ inú bọ́tìnì àti ojú síìpù. Odò Mobile ní Alabama, níbi tí wọ́n ti rí òkú ọkọ̀ Clotilda tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 2019, ọkọ̀ tó kó àwọn ènìyàn tí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn láti Ouidah ní 1860, jẹ́ irú odò bẹ́ẹ̀: ẹrẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ni òmòòkùn fi ń ríran. Ní Bìrìtìkó, wọ́n tún ń fẹ́ kí a yẹ ohun èlò wò, kí a fọ̀ ọ́, kí ó sì gbẹ kí a tó gbé e lọ sí odò mìíràn, kí ìgbín àti ewéko àjèjì má baà bá wa wọ ibi tí wọn kò sí tẹ́lẹ̀. Omi gbígbóná tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé fọwọ́ kàn dára fún bàtà ìlúwẹ̀ẹ́, èyí tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, àti àwọ̀n nìkan. Kí ó má kan aṣọ rọ́bà.

Páúdà wo ni mo lè fi sí rọ́bà ọrùn aṣọ tí omi kì í wọ̀?

Táákì (talc) lásán tí kò ní òórùn dídùn, tàbí sítáàṣì àgbàdo. Òróró olóòórùn inú páúdà lè ba rọ́bà igi jẹ́. Ẹ ka ara agolo: láti 2023 ni ilé iṣẹ́ Johnson & Johnson ti dẹ́kun títa páúdà ọmọdé oní-táákì káàkiri ayé, sítáàṣì àgbàdo ló wà nínú ti ìsinsìnyí, òórùn dídùn sì sábà máa ń wà nínú páúdà ọmọdé. Ṣampú ọmọdé tí a fi omi là náà ń jẹ́ kí ọwọ́ àti orí tètè wọlé.

Ọ̀bẹ, tọ́ọ̀ṣì àti bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ ńkọ́?

Ìpẹtà ara ọ̀bẹ, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tàbí fínígà nù ún, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì fi òróró bíńtín pa á; ibí nìkan ni Vaseline ti láyè, bí kò bá ti kan rọ́bà. Bí bátìrì bá ti dà sínú tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi òwú tó ní fínígà díẹ̀ nu funfun rẹ̀, nítorí fínígà ló ń pa agbára oró bátìrì alkaline, lẹ́yìn náà kí ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa. Bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ kò fẹ́ ju omi lọ; ẹ má gbé e dúró lórí ìka rẹ̀, yóò tẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe sá a, níbo sì ni kí n tọ́jú rẹ̀ sí nínú ilé wa?

Òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kì í ṣe oòrùn. Aṣọ rọ́bà tí a fi háńgà wáyà kọ́ yóò gé léjìká. Ẹ fi paípù omi oníke tó nípọn bo háńgà náà, tàbí kí ẹ ká aṣọ náà ní ìbàdí lé okùn tó nípọn. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí yàrá jẹnẹrétọ̀ tàbí níbi tí epo bẹntiróòlù wà. Ẹ má fi káńfọ̀ sínú àpò rẹ̀, nítorí òórùn rẹ̀ yóò wọ rọ́bà, ẹ ó sì máa mí i lábẹ́ omi. Aáyán ni ọ̀tá gidi: ó fẹ́ràn ihò tó ṣókùnkùn bí inú régúlétọ̀. Ike oúnjẹ ńlá tó ní ìdérí tó dé dáadáa, tí ẹ kó ohun tó ti gbẹ pátápátá sí pẹ̀lú àwọn àpò kékeré afami tó máa ń wà nínú páálí bàtà, dára ju àpò olówó ńlá lọ. Síbẹ̀, ẹ máa wo ẹnu régúlétọ̀ dáadáa kí ẹ tó fi sẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan sí i: oògùn ẹ̀fọn tí a fi ń pa ara, tó bá ní DEET nínú, ń yọ́ ike. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan másìkì tàbí kọ̀ǹpútà ìmòòkùn tí a ń dè mọ́ ọwọ́.

Níbo ni kí n da omi ọṣẹ àti fínígà náà sí?

Sínú ihò balùwẹ̀ tàbí gọ́tà ilé tó ní sóókàwéè, kì í ṣe etí ọ̀sà tàbí orí àpáta tí a ti ń wọ omi. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣampú pa dígí létí omi, ẹ mú omi tó mọ́ dání nínú ìgò, kí ẹ ṣan dígí náà sórí iyanrìn tó jìnnà sí omi, kí ẹ tó rìn wọlé.